Ọkọ̀ Ọ̀gá Kì í Jò

Télọ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún Ìyá Onípáàtì. Ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé, àbúrò ọkọ náà ni Télọ̀, ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì sì kọjú síra wọn. Ó sáré wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tòun ti téèpù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ méjì ṣì wà láàárín eyín rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ ti gbọ́?"

"Ọkọ mi, ẹ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu ná. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tún sìnkú lọ́dún yìí."

Ó yọ ọ́. "Wọ́n ti fi ọkùnrin yẹn jẹ Ọ̀gá Àgbà Ilé-Iṣẹ́ Àyẹ̀wò Ọkọ̀! Èmi ni mo máa rán aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n fi bọ́tìnnì méjìdínlógún sí i."

"Méjìdínlógún? Àyà mélòó ló ní?"

Ìyá Onípáàtì ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin yìí. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ń tà: bẹ́líìtì, púlọ́ọ̀gì, rọ́bà oríṣiríṣi, àti epo bíréèkì nínú agolo. Ọkọ rẹ̀ ló fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún un, tòun ti gbèsè. Ó san gbèsè náà tán, ó sì di ṣọ́ọ̀bù mú. Kò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń rántí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Bó bá gbé ọjà fún èèyàn láwìn lórí pẹpẹ, kì í fi òmíràn dí ààyè rẹ̀. Ààyè náà á ṣófo bẹ́ẹ̀, á máa wo gbogbo ẹni tó bá wọlé lójú, títí owó á fi dé.

Ààyè mẹ́rin ló ṣófo níbi epo bíréèkì lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin tí Télọ̀ ń sọ yìí ló ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ẹni tó jẹ gbèsè agolo mẹ́rin nígbà tó ṣì ń sin ọ̀gá," ni Ìyá Onípáàtì wí, "mélòó ló máa jẹ nígbà tóun fúnra rẹ̀ bá di ọ̀gá?"

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ fi ìbéèrè yẹn sápò. A máa tó yọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í jẹ, Ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta gbáko. Ó fi wákàtí kan sọ nípa ìrẹ̀lẹ̀ ara rẹ̀. Ó fi wákàtí kejì ṣàlàyé pé kò sẹ́ni tó rẹlẹ̀ tó òun láyé. Ní wákàtí kẹta, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ràn án lọ́wọ́, ó sì dárúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú wọn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" ló ké. "Kí n tó dé, táyà ń yí, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó ń lọ! Èmi ni mo máa fi ọ̀nà han táyà! Bí ẹ bá gbọ́ pé ọkọ̀ kan dúró sójú ọ̀nà, ẹ mọ̀ pé èmi ni mo ní kó dúró! Bí ẹ bá gbọ́ pé ó ń lọ, èmi náà ni!"

Akọ̀wé rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe akọ̀wé yìí lẹ́yìn. Bí Ọ̀gá bá sín, á ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Bí Ọ̀gá bá dákẹ́, á mú bírò, á kọ ìdákẹ́ náà sílẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ní ọkọ̀ tuntun kan nílẹ̀ fún ẹni tó bá jẹ ọ̀gá. Ọ̀gá kọ̀ ọ́, ó ní ó kúrú. Ó ránṣẹ́ pe Télọ̀ pé kó wá fi téèpù aṣọ wọn ọkọ̀ tuntun náà, kó sì wọn ọkọ̀ tòun, èyí tó ti ń wà kó tó gbéyàwó. Ògbólógbòó náà fi ìgbọ̀nwọ́ kan gùn jù.

"Ẹ rí i?" ni Ọ̀gá wí. "Ọlá gùn!"

"Ó gùn gan-an ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà dáhùn. "Ọ̀nà gan-an ti kúrú jù fún un."

Ni wọ́n bá kun ọkọ̀ àtijọ́ náà ní dúdú, wọ́n ri ọ̀pá àsíá mọ́ ọn níwájú, wọ́n nu gíláàsì rẹ̀ títí ó fi ń dán bí ojú ẹni tó jẹ yó. Kò sẹ́ni tó wo bíréèkì. Ohun tó bá ti ń dán, ta ló ń wo abẹ́ rẹ̀?

Láàárín oṣù méjì, Ọ̀gá ṣe òfin mọ́kànlá. A ò ní ka gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ọ̀kan sọ pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé bá Ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí àwòrán Ọ̀gá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó sì dúró díẹ̀ bóyá àwòrán á dáhùn. Òmíràn sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ Ọ̀gá. "Abẹ́ ọkọ̀ àgbà," ló kọ síbẹ̀, "bí abẹ́ aṣọ àgbà ló rí."

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni òfin bíréèkì. Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ bá kọ̀, ibi tó bá dúró sí ni yóò wà. Ẹni tó ni ín kò gbọdọ̀ kúrò nídìí rẹ̀ títí wọ́n á fi tún un ṣe, tí á sì fi rìsíìtì gbogbo ohun tí wọ́n rà sí bíréèkì náà hàn. "Ìbáà ṣe ọkọ̀ ọlọ́rọ̀, ìbáà ṣe ọkọ̀ tálákà, ìbáà ṣe ọkọ̀ èmi alára!" Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, nítorí àtẹ́wọ́ ló ṣe fi í sí i. Wọ́n sì pàtẹ́wọ́ lóòótọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin tó ń gbálẹ̀ rí omi kan lábẹ́ ọkọ̀ náà láàárọ̀, lápá òsì lẹ́yìn. Kò dúdú bí epo ẹ́ńjìnnì. Ó mọ́, ó ń yọ̀, ó sì ti bó ọ̀dà funfun tí wọ́n fi kun ilẹ̀ ibẹ̀. Ó pe Bẹ́ẹ̀ni-Sà.

"Akọ̀wé, ọkọ̀ Ọ̀gá ń jò o."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣé iṣẹ́ ti sú ọ ni? Ọkọ̀ Ọ̀gá kì í jò. Ó ń làágùn ni. Iṣẹ́ ìlú ló ń ṣe."

Ọjọ́ kejì, ọkọ̀ tún làágùn. Wọ́n ra yanrìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, wọ́n dà á jọ bí òkè sísàlẹ̀ ọgbà, kí obìnrin náà lè máa bu garawa kan lárààárọ̀ láti fi bo òógùn. Nígbà tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ yọ̀ níbẹ̀, tí bọ́tìnnì mẹ́ta já, ó yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje. Ìgbìmọ̀ jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sí abẹ́ igi. Omi bá a débẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Omi ò kẹ̀yìn. Ìgbìmọ̀ wá kọ ọ́ sínú ìwé pé omi náà fẹ́ràn Ọ̀gá, kò sì lè jìnnà sí i. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Méje tó jókòó yẹn, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Òfin kọ̀ ọ́.

Iná pupa kan wá ń tàn nínú ọkọ̀, níwájú Ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ní ó ń kí i ni. Nígbà tí ìkíni náà pọ̀ jù, tí kò kú mọ́ tọ̀sán tòru, ó gé àwòrán Ọ̀gá kékeré kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iná náà. Bí wọ́n ṣe wo ọkọ̀ sàn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí Ọ̀gá bá ti tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ á wọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á dé ṣọ́ọ̀bù Ìyá Onípáàtì, á gba agolo epo bíréèkì, á sì lọ rọ ọ́ kún ike epo bíréèkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì.

"Ìyá, agolo kan. Ọ̀gá máa san án."

"Ọ̀gá máa san án, Ọ̀gá máa san án. Ó ti di orin lẹ́nu ẹ. Akọ̀wé, ọkọ̀ yín ń jò."

"Há, Ìyá! Ó ń..."

"Má wulẹ̀ sọ ọ́. Wò ó, epo ẹ́ńjìnnì lè jó dànù, mo gbà. Bẹntiróòlù, ọkọ̀ ló ń mu ún. Epo bíréèkì kì í jó, ọkọ̀ kì í sì í mu ún. Inú páìpù ló ń gbé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gbé inú iṣan. Ẹni tó bá ń ra ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọgbẹ́ wà lára ẹ̀ níbì kan. Ẹ pe Abẹ́-Ọkọ̀ kó wá wò ó."

Abẹ́-Ọkọ̀ ni mẹkáníìkì àdúgbò náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ kí wọ́n tó mọ ojú rẹ̀.

"Abẹ́-Ọkọ̀ kẹ̀? Ṣé kó wá bẹ̀rẹ̀ ni? Òfin ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ni-Sà gbé agolo, ó lọ.

Báyìí ni ààyè ń ṣófo lórí pẹpẹ, tó di mẹ́wàá, tó di ogún, tó di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìlà kan odindi ti mọ́ fonífoní bí ẹnu ọmọ tuntun. Ìgbà yẹn ni onílé wá.

"Ìyá, owó ilé ku ọjọ́ mẹ́wàá. Ọkùnrin kan fẹ́ máa ta fóònù níbí. Ó ti mú owó ọdún kan lọ́wọ́."

"Ẹ bá mi dá a dúró."

"Mo ti dá a dúró láti oṣù tó kọjá. Ọjọ́ mẹ́wàá, Ìyá. Ẹ má bínú."

Nígbà tó lọ tán, Ìyá Onípáàtì ka owó tó wà nínú àpò rẹ̀. Ohun tó kù kí owó ilé pé, iye agolo mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó lé ṣẹ́ńjì díẹ̀. Ó wo pẹpẹ tó ṣófo. Ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kan pẹpẹ rẹ̀ ni òógùn ọkọ̀ ẹlòmíràn fẹ́ gbé lọ yìí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó gba ilé-iṣẹ́ lọ.

Wọ́n ní kó kí àwòrán.

"Ẹ kú ìjókòó o," ló sọ fún un. "Owó mi dà?"

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, Ọ̀gá ń fi gègé aláwọ̀ wúrà fọwọ́ sí ìwé, Bẹ́ẹ̀ni-Sà dúró, ó ń fẹ́ ìfọwọ́sí náà kó lè tètè gbẹ.

"Obìnrin," ni Ọ̀gá wí, "ṣé o mọ ẹni tí ò ń wò yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Agolo mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà gbàgbé láti fẹ́ atẹ́gùn.

"Owó!" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín ọlọ́lá, èyí tí kì í dé ojú. "O mú epo rẹ dé inú ọkọ̀ Ọ̀gá Àgbà, o tún ń bèèrè owó? Àwọn agolo mìíràn ń bẹ tí wọn ò ní rí irú oore yẹn láyé wọn!"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wà láìrí i. Ẹ gbọ́, mi ò wá jà. Ẹ san owó mi, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀yìn táyà yín wò. Lọ́jọ́ kan ẹ máa tẹ bíréèkì, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni Ọ̀gá dáhùn, "mo máa ṣe Ọjọ́ Ọkọ̀ Pípé. Èmi fúnra mi máa wa ọkọ̀ yìí sọ̀ kalẹ̀ látòkè ọgbà, mo máa dúró gẹ́lẹ́ lórí ìlà funfun, kí gbogbo ayé lè mọ ohun tí à ń pè ní bíréèkì. Wá wòran. Ọ̀fẹ́ ni."

Ó ku ọ̀la kí ọjọ́ owó ilé pé nígbà tí Ọjọ́ Ọkọ̀ Pípé kò. Ìyá Onípáàtì àti Télọ̀ lọ. Àwọn ọ̀gá orílé-iṣẹ́ tó yan Ọ̀gá sípò jókòó sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, lápá ọ̀tún, obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ló ṣáájú wọn. Àwọn tí wọ́n fowó háyà láti máa yin Ọ̀gá dúró lápá òsì. Láàárín, wọ́n gbé àwòrán Ọ̀gá tó ga ju ilẹ̀kùn méjì lọ kalẹ̀, wọ́n sì kun ìlà funfun sí iwájú rẹ̀. Òkè yanrìn wà lẹ́yìn àwòrán. Kò sẹ́ni tó rántí kó o.

Ọkọ̀ yọ lókè. Àsíá ń fẹ́. Ọ̀gá na ọwọ́ kan jáde lójú fèrèsé, ó ń jù ú.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń bọ̀!" ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà ké nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ wò ó bó ṣe máa dúró!"

Ọ̀gá dé ìlà funfun, ó tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni tẹ ìrọ̀rí. Ọkọ̀ kọjá ìlà. Kò sáré o, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń lọ, bí àlejò tí kò mọ ibi tí wọ́n ń jókòó sí. Àwọn olùyìn rò pé ara eré ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá gbé ọwọ́ tó ń jù wọlé. Ó tún un tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ọkọ̀ gba ìkòkò òdòdó méjì kọjá, ó wọ inú àwòrán, gbààà! Ó gba ibi imú Ọ̀gá wọlé, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, ó fi orí sínú yanrìn, ó dúró.

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ni-Sà, nítorí àṣà, ṣí ìwé rẹ̀ láti kọ ìdákẹ́ náà sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Yanrìn tí wọ́n rà láti bo òtítọ́ ló gba Ọ̀gá là. Ó jókòó sínú ọkọ̀, etí ńlá kan láti ara àwòrán sì bo gíláàsì níwájú rẹ̀.

Ìyá àgbà láti orílé-iṣẹ́ dìde. "Akọ̀wé, òfin wo lẹ ní fún ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ bá kọ̀?"

Bẹ́ẹ̀ni-Sà kò mọ̀ ju kó kàwé sókè lọ. Ó kà á tohùn-tohùn: ibi tó dúró sí ni yóò wà, ẹni tó ni ín kò gbọdọ̀ kúrò, rìsíìtì gbogbo ohun tí wọ́n rà sí bíréèkì náà. Nígbà tó dé "ìbáà ṣe ọkọ̀ èmi alára," ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Òfin tó dára," ni ìyá náà wí. "Ẹ jẹ́ ká pa á mọ́. Látòní, ọ̀gbẹ́ni yìí kì í ṣe ọ̀gá àgbà mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kúrò níbí, kó lọ máa to ìwé àtijọ́ ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹ pe mẹkáníìkì."

Abẹ́-Ọkọ̀ dé pẹ̀lú jáàkì àti sípánà rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo Ọ̀gá, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti ìgbà tí òfin ti dé. Ó fi ìka kan ọ̀rinrin tó wà lẹ́yìn táyà òsì, ó fi í pa àtàǹpàkò, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tẹ bíréèkì. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, omi sun jáde níbẹ̀. Ó tú táyà, ó tú irin róbótó tó bo bíréèkì, ó na nǹkan kékeré kan sókè.

"Rọ́bà nìyí. Ó ti ya. Kò tóbi ju bọ́tìnnì yín lọ, sà. Bíréèkì inú ibí náà ti mu epo yó, kò lè di táyà mú mọ́. Bí ẹ bá pè mí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kán, rọ́bà kan ṣoṣo ni à bá rà."

Ìyá Onípáàtì ti lọ mú rọ́bà, bíréèkì tuntun àti agolo epo kan dé. Òun nìkan ló ní páàtì irú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Abẹ́-Ọkọ̀ nu inú ibẹ̀ mọ́, ó pààrọ̀ wọn, ó rọ epo.

"Afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù," ló wí. "A ní láti lé e jáde, bíréèkì ò ní le bí kò bá jáde. Mo fẹ́ ẹni tó máa bá mi tẹ̀ ẹ́ bí mo bá ṣe ń wí. Akọ̀wé dà?"

Akọ̀wé ti wà lápá ọ̀tún, ó ń bá ìyá àgbà gbé àpò. A gbọ́ ohùn rẹ̀: "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Kò sí ẹlòmíràn. Ọ̀gá jókòó sí ìjókòó awakọ̀, Abẹ́-Ọkọ̀ sì wọ abẹ́ ọkọ̀, ilé rẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́!" ni ohùn kan wí látìsàlẹ̀. "Gbé e sókè! Tẹ̀ ẹ́! Gbé e sókè! Tẹ̀ ẹ́, dì í mú! Dì í mú, mo ní! Ta ló ní kó o gbẹ́sẹ̀?"

"Mo rò pé..."

"Má rò nǹkan kan. Ṣé o ti dì í mú?"

Ọ̀gá fi aṣọ bọ́tìnnì méjìdínlógún nu ojú. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló wí.

Télọ̀ ní láti jókòó sílẹ̀ kó tó lè rẹ́rìn-ín tán.

Afẹ́fẹ́ ń jáde, ó ń hó, ó ń hó. Bíi pé gbogbo ọ̀rọ̀ wákàtí mẹ́ta yẹn ló wà nínú páìpù. Nígbà tó yá, epo nìkan ló ń jáde, ẹsẹ̀ bíréèkì sì le koko. Abẹ́-Ọkọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé bíréèkì ti dára. Ó ku rìsíìtì.

"Ìyá," ni Ọ̀gá wí jẹ́jẹ́, "ẹ bá mi kọ rìsíìtì rọ́bà, bíréèkì àti agolo kan yẹn."

Ẹ gbọ́ "ẹ"! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, "obìnrin" ni.

"Òfin yín ní gbogbo ohun tí wọ́n rà sí bíréèkì náà. Agolo mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ń bẹ nílẹ̀. Èmi kì í kọ rìsíìtì ní ìlàjì."

"Ìyá, ẹ fojú àánú wò mí. Oòrùn yìí..."

"Òógùn ni, sà. Iṣẹ́ ìlú lẹ ń ṣe."

Ọ̀gá ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Àpòòwé kan wà níbẹ̀, owó tó fẹ́ fi fún àwọn olùyìn lẹ́yìn ayẹyẹ ló kún inú rẹ̀. Àwọn olùyìn rí i bó ṣe ń lọ, wọ́n túká. Ìyá Onípáàtì tọ́ ìka lẹ́nu, ó kà á.

"Ó ku owó agolo kan."

"Ẹ fi ìyẹn jì mí."

Ìyá Onípáàtì na ọwọ́. Ó kàn dúró, bí ààyè tó ṣófo lórí pẹpẹ. Ọ̀gá tú àpò rẹ̀. Ó tú abẹ́ ìjókòó. Ó bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó ṣa ṣẹ́ńjì tó ti ń jábọ́ níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, yanrìn àti epo lọ́wọ́ méjèèjì. Ó kó o lé Ìyá Onípáàtì lọ́wọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Onípáàtì nù ún lára aṣọ rẹ̀, ó kà á, ó ṣírò owó ilé ọ̀la mọ́ ọn, ó tún un kà.

"Ó pé," ló wí.